Ọ̀nì Tí Mo Fẹnu Pa

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé òpùrọ́ ni mí. Ṣùgbọ́n irọ́ mi kì í pa èèyàn lára. Ọ̀nì nìkan ló ti pa rí.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà, ìyẹn bí a bá ka kíláàsì tí mo jókòó sí lẹ́ẹ̀mejì sí méjì. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo fi kọ́ ilé tí mo ń gbé ní Okokomáíkò, ilé oníyàrá mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí ẹ bá fara balẹ̀ kà á, mẹ́fà lẹ máa bá. Bẹ́ǹṣì kan wà níwájú ilé náà. Orí rẹ̀ ni mo ti máa ń sọ ìtàn ọ̀nì fún ẹnikẹ́ni tí kò bá tètè kọjá.

Ìtàn náà kò gùn. Nígbà èwe mi, mo ń tukọ̀ lórí omi lẹ́yìn Ọ̀jọ́, ọ̀nì kan jáde sí mi, mo fi àjẹ̀ tí mo fi ń tukọ̀ gbá a lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó kú. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀nì yẹn gùn tó bẹ́ǹṣì mi. Nígbà tí mo fi pé ọgọ́ta ọdún, ó ti gùn tó ọkọ̀ apẹja. Ọdún tí wọ́n fi ṣe títì ńlá iwájú wa sì pọ̀, gbogbo ọdún yẹn ni ọ̀nì mi fi ń dàgbà.

Ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn ayálégbé mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ìyànà Ìbà. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìdí lápútọ́ọ̀pù ló máa ń jókòó sí, ó ń ṣe géèmù. Mo rò pé ó ń tún un ṣe ni, bí a ṣe ń tún rédíò ṣe. Ó ní rárá, òun fúnra òun lòun ń ṣe é, látorí igi dórí omi dórí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn nínú rẹ̀. Kò ní kọ́ńpìnnì, kò ní ọ̀gá. Mo ní, "Káfíńtà ni ọ́ nìyẹn." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi ìtàn ọ̀nì yín ṣe géèmù."

Mo ṣe bí ẹni tó ń rò ó. Ṣùgbọ́n kó tó pa ẹnu dé ni mo ti ń ro irú fìlà tí wọ́n máa dé sí mi lórí nínú géèmù náà.

Ọdún méjì gbáko ló fi ṣe é, kò sì jẹ́ kí n rí i. Ó ní ó di ọjọ́ ìpàdé.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe géèmù ní agbègbè wa, láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìbà, máa ń péjọ lọ́sàn-án Sátidé kan lóṣù, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ìbà Housing Estate. Oníkálukú á gbé iṣẹ́ rẹ̀ tí kò tíì jinná wá sórí tábìlì, àlejò á jókòó, á ta á bí ẹni ta ayò. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì le ju ti sójà lọ: ẹni tó ṣe géèmù kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí àlejò bá ń ta á. Kò gbọdọ̀ júwe, kò gbọdọ̀ tọ́ka, kò gbọdọ̀ mi orí. Ẹ̀yìn àlejò ló máa dúró sí pẹ̀lú ìwé àti bírò, tí á máa kọ ibi tí nǹkan ti rú àlejò lójú. Wọ́n ní géèmù tí ẹni tó ṣe é bá ṣì ń ṣàlàyé rẹ̀, kò tíì parí. Èmi tí mo máa ń tẹ̀ lé àga tí mo bá kàn lọ sílé oníbàárà, kí n lè ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa jókòó lé e, ọ̀rọ̀ yẹn bá mi wí díẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, wọ́n fẹ́ mú géèmù mẹ́ta tí wọ́n máa kó lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Erékùṣù. Ọmọ náà ti ṣàlàyé fún mi lójú ọ̀nà. Ó kéré tán, àlejò kan gbọ́dọ̀ ta géèmù ẹni dópin kí aago mẹ́rin tó lù. Bí kò bá sí, ó di ọdún mìíràn.

"Dádì, mi ò mọ̀ bóyá mo tún lè fi ọdún kan kún ọdún méjì yìí," ló wí. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ó gbá báàgì lápútọ́ọ̀pù yẹn mọ́ra bí ẹni gbé ẹyin.

Aṣọ ọdún ni mo wọ̀ lọ. Wọ́n fún mi ní àga. Àga àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta ni, orúnkún mi ga dé ìrùngbọ̀n mi. Wọ́n ní èmi ni kí n kọ́kọ́ ta á, nítorí ẹni tí kò mọ géèmù rí ni wọ́n ń wá. Wọ́n fún mi ní pádì, wọ́n fi bọ́tìnì hàn mí: ti rírìn, ti gígun nǹkan, ti fífi àjẹ̀ gbá nǹkan.

Ọkùnrin kan yọ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó dé fìlà pupa. Fìlà náà wù mí. Obìnrin kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó wé gèlè aláwọ̀ ìyeyè. Igi àgbọn kan tẹ̀ sí etí omi. Mo rí gbogbo rẹ̀, mi ò kà á sí. Ọkọ̀ gúnlẹ̀, ọ̀nì yọ, mo tẹ bọ́tìnì àjẹ̀. Ọ̀nì gbé mi mì. Fìlà nìkan ló léfòó.

Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún mi ní mẹ́jọ nítorí ewú orí mi. Ìgbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni ọ̀nì jẹ mí.

"Pádì yìí ló ń ṣàìsàn," mo ní.

Ọmọ yunifásítì kan bọ́ sórí àga, èmi náà bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. "Gbá a láàárín ojú méjèèjì. Èmi ni mo pa á, mo mọ ibi tó ti ń dùn ún."

"Bàbá, mo ń gbá a."

"O ò gbá a bí ọkùnrin. Ṣé o jẹun lónìí?"

Ọ̀nì jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ló kàn, mo kọ́ òun náà níjà, ọ̀nì jẹ ẹ́. Èèyàn bíi mẹ́wàá ni mo fi bọ́ ọ̀nì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ayálégbé mi ti fi eyín di ètè mú, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rò pé ìtàn mi ló wọ̀ ọ́ lára.

Ó ku bí ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù ni ìyàwó mi wọlé. Ìpàdé ìjọ ló ti ń bọ̀, ó ṣì wọ aṣọ funfun, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wo ojú lápútọ́ọ̀pù, ó wò mí.

"Bàbá ilé, ẹ tún ń jà ni?"

Mo ní, "Ta tiẹ̀ ni obìnrin inú ọkọ̀ yìí? Kò sí obìnrin kankan nínú ìtàn mi."

"Àbí? Gèlè wo ni mo wé lọ́jọ́ náà?"

Mo wá wo igi àgbọn yẹn dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ náà, mo ń fẹ́ ẹ sọ́nà ni, mo sì fi ọkọ̀ gbé e lọ sọ́jà. Bí a ṣe gúnlẹ̀, ọ̀nì yọ. Mo ju àjẹ̀ nù, mo gun igi àgbọn, mo fi àfẹ́sọ́nà mi sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọ̀nì náà kò tilẹ̀ wo ẹnikẹ́ni. Ó wọ́ kọjá, ó lọ yáàrùn lórí iyanrìn. Àfẹ́sọ́nà mi rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ló lọ pe àwọn apẹja tó sọ̀ mí kalẹ̀, nítorí mi ò lè dá sọ̀. Ó ṣì fẹ́ mi. Ó ní ọkùnrin tó bá lè sáré báyẹn máa pẹ́ láyé.

Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọbìnrin yìí. Òótọ́ ni ọmọ náà kọ́ sínú géèmù: sísá ni. Èmi sì ti fi wákàtí méjì ní kí àwọn èèyàn jà, lójú ẹni tó ṣe é, tí òfin ti dí lẹ́nu.

Àlejò kan ṣoṣo ló kù, ìyàwó sójà kan láti Ọ̀jọ́ Cantonment, tó ń ta aṣọ nínú ọjà bárékè. Mo pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ mi tipẹ́. Ó fi àjẹ̀ gbá ọ̀nì, ọ̀nì jẹ ẹ́. Ó tún gbá a, ọ̀nì tún jẹ ẹ́. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Ó yíjú sí mi.

"Bàbá, àárín ojú méjèèjì lẹ ní, àbí?"

Gbogbo gbọ̀ngàn wò mí. Bí mo bá ní kó sá, wọ́n á ní mo ti ràn án lọ́wọ́, wọn ò ní kà á. Bí mo bá dákẹ́, á jà.

"Ìyá, ẹ má tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ mi mọ́," mo ní. "Irọ́ ni mo pa. Mi ò pa ọ̀nì rí. Mi ò fọwọ́ kàn án."

Ọmọ yunifásítì yẹn ní, "Bàbá, pẹ̀lú gbogbo bí ẹ ṣe bú mi?"

"Màá bẹ̀ ọ́ tó bá yá."

Ẹnì kan nínú àwọn olórí ìpàdé ní mo ti júwe ọ̀nà. Èkejì ní, "Ohun tí wọn ò ṣe ni Bàbá sọ. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n ṣe."

Ìyàwó sójà ṣì ń wò mí. "Tí ẹ ò bá pa á, kí lẹ wá ṣe?"

Mo mọ ara mi: bí ẹnu mi bá ṣófo, á sọ ọ́. Mo já píọ̀ wọ́tà kan, mo bu omi sẹ́nu, mi ò gbé e mì. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó wú, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ sójà mọ ojú ẹni tó sá.

Ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nì. Ó sáré, ó gun igi. Ọ̀nì wọ́ kọjá, ó lọ yáàrùn. Obìnrin inú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, géèmù sì parí. Omi ẹnu mi tú sára aṣọ ọdún mi. Ayálégbé mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Aago kò tíì lu mẹ́rin.

Wọ́n mú géèmù náà lọ sí Erékùṣù. Ayálégbé mi fi ọ̀kan sórí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ wa. Ìyàwó mi ń ta á dópin bí ẹni bó ẹ̀pà. Nígbà tó bá kàn mí, mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò mi á lọ sórí bọ́tìnì àjẹ̀, fìlà pupa á tún léfòó.

"Ẹ sá, Bàbá ilé," ìyàwó mi á ní. "Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n ṣe."