Ọ̀pá Tó Ń Parọ́ Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Kò sí ẹ́ńjìnnì kan láti Tema títí dé Kumasi tí mi ò lè fi ahọ́n kan ọ́ìlì rẹ̀ kí n sì sọ oúnjẹ tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ ọ́ fún dẹ́rẹ́bà kan rí ní Agbogbloshie pé kẹ́ńkè àti ata dúdú ló jẹ, pé ìyàwó rẹ̀ kejì ló sì gbé e fún un. Ọkùnrin náà ṣí fìlà fún mi níbẹ̀, lójú gbogbo àwọn aláṣọ àti oníṣu.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló jẹ́ kí gbogbo àdúgbò wa gbà pé mo mọ ọkọ̀. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ nílé ìwé, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi obìnrin ṣe wá bá mi. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ta aṣọ ní ọjà Odawna. Orúnkún rẹ̀ ò gba dìde-jókòó mọ́, ló bá gbé ìsọ̀ náà fún ẹlòmíràn. Gbogbo ohun tó rí lórí ìsọ̀ náà ló fẹ́ fi ra pikọ́ọ̀pù àlòkù kan tí yóò máa bá a kó iṣu láti Agbogbloshie lọ sí Ashaiman. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ni yóò máa wà á. Tí ọkọ̀ náà bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kò ní ìsọ̀ tó máa padà sí, kò sì ní ọkọ̀. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi gan-an nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, lọ́jọ́ kan ṣoṣo yìí, ẹ má ṣe àpárá. Ẹ kàn bá mi wo ọkọ̀ náà dáadáa."

"Èmi? Ṣé èmi náà máa ń ṣe àpárá ni?"

Ó ti fi àpò rẹ̀ há abíyá.

Ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ náà wà lẹ́bàá títì, kéèyàn tó wọ Ashaiman. Ẹni tó ń tà á jẹ́ ọkùnrin bí ẹni àádọ́ta ọdún, ó múra bí ẹni tó ń lọ sílé àna. A ò tí ì kí i tán tó fi sọ pé ọmọ Yorùbá lòun náà, pé Accra ni wọ́n bí òun sí, pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá òun ti wá.

"Bàbá, ọmọ ìyá ni wá níbí o! Àwọn onílẹ̀ ń pe gbogbo wa ní Alata. Ṣé èmi náà á wá rẹ́ yín jẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Ta ló béèrè? Ẹni tó bá sáré sọ fún ẹ pé òun ò ní rẹ́ ẹ jẹ, ó ti jókòó rò ó wò kó o tó dé.

Pikọ́ọ̀pù náà funfun báláú. Mo kó ọwọ́ sẹ́yìn, mo yí i po lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó mọ ohun tó ń wá. Abẹ́ àwọn ọkọ̀ tó kù nínú ọgbà náà, iyanrìn ibẹ̀ ti dúdú fún ọ́ìlì. Abẹ́ eléyìí nìkan ni iyanrìn ti mọ́, ó ṣì tutù, bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣọ́bìrì dà á síbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná.

"Ìgbà wo lẹ ti wà á gbẹ̀yìn?"

"Ha, Papa, láti àná ló ti wà lójú kan."

"Kí ló wá mú un gbóná báyìí?"

"Oòrùn ni o! Ẹ̀yin náà mọ oòrùn Ashaiman."

Abẹ́ igi máńgòrò ni ọkọ̀ náà wà.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí n tó nawọ́, ó ti fa geeji yọ, ìyẹn ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe tó nínú ẹ́ńjìnnì. Èkísà funfun kan ti wà nínú àpò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó nu geeji náà, ó tì í bọ ihò rẹ̀, ó tún fà á yọ, ó gbé e sí mi níwájú bí ẹni tó ń fi òrùka han ìyàwó.

"Ẹ wò ó! Ó dé ojú àmì. Ẹ tún wo àwọ̀ rẹ̀!"

Lóòótọ́, ọ́ìlì náà dé ojú àmì géérégé, ó sì mọ́ bí oyin. Èyí gan-an ló tún dà mí láàmú. Ọkọ̀ tí ìjókòó rẹ̀ ti ya, tí ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà ti jẹ rọ́bà orí búrékì rẹ̀ tán, ọ́ìlì inú rẹ̀ wá mọ́ bí ẹni pé kò rìn rí. Òkú ni wọ́n ń wẹ̀ mọ́ tó báyìí.

Mo fi ìka kan ọ́ìlì náà, mo fi í sí ahọ́n.

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi!" Àbúrò mi ló pariwo.

"Papa, ọbẹ̀ kọ́ nìyẹn o," ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín.

Mo di ojú. Mo tutọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Ọ́ìlì yìí, àná ni wọ́n dà á sínú rẹ̀."

Ẹ̀rín náà dín lẹ́nu rẹ̀. "Ɛnyɛ hwee," ó fi Twi sọ ọ́. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣé ó wá burú kéèyàn pààrọ̀ ọ́ìlì ni?"

Mo gba geeji náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo nù ún mọ́. Mo wá fi èékánná àtàǹpàkò tọ ara rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ń yọ̀, ó ń yọ̀, àfi bó ṣe dé bí ìka méjì sókè àmì náà, ló bá ń ha èékánná bí ìrùngbọ̀n tí wọ́n fá láàárọ̀. Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Gbogbo ara ọ̀pá náà ti pọ́n, irin tó ti gbó sínú ọ́ìlì ni, àmọ́ ojú ibẹ̀ ń dán. Ẹnì kan ti fi fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n irin rìn ín.

"Kí a tó wọn aṣọ," mo ní, "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn ọ̀pá."

"Aṣọ wo, Papa? Ọkọ̀ lẹ wá rà."

Pikọ́ọ̀pù mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irú kan náà, àmọ́ ẹrẹ̀ ti bò ó dójú. Mo ní kó yọ geeji tiyẹn wá. Ó ní òun ò tí ì fẹ́ ta ìyẹn. Mo ní ta ló fẹ́ rà á, geeji rẹ̀ ni mo fẹ́ yá. Ó wo títì, ó wo àbúrò mi, ó lọ yọ ọ́ wá.

Mo tẹ́ ọ̀pá méjèèjì sórí èkísà rẹ̀. Gígùn wọn dọ́gba, orí wọn dọ́gba, àmọ́ àmì wọn ò dọ́gba. Ibi tí ti ọkọ̀ funfun ti ń dán, ibẹ̀ gan-an ni àmì ti ẹlẹ́rẹ̀ wà. Ẹni tó rin ọ̀pá yìí ti pa àmì òkè rẹ́, ó sì gé òmíràn sísàlẹ̀, níbi tí ọ́ìlì díẹ̀ bínńtín á ti kàn án, tí a ó sì máa sọ pé ó kún. Mo ti geeji ẹlẹ́rẹ̀ bọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ funfun, mo fà á yọ. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló tutù. Láti ibẹ̀ dé ojú àmì, ó gbẹ táútáú.

"Ta ló sọ fún yín pé tiyẹn kọ́ ló ń parọ́?" ọkùnrin náà bi mí.

Ìbéèrè gidi ni. Mo fi èékánná tọ tiyẹn náà. Ó yọ̀ délẹ̀, ìdọ̀tí sì ti gan mọ́ inú àmì rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Irọ́ tuntun kì í ní ìdọ̀tí.

Ọkùnrin náà jókòó sórí táyà kan.

"Bàbá, ẹ́ńjìnnì náà ń mu ọ́ìlì díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo?"

"Díẹ̀ náà ni... tó bá ti ń rìn."

"Kí ló tún kù tí ọkọ̀ ń ṣe yàtọ̀ sí kó rìn?" Àbúrò mi ló sọ ìyẹn.

Ó búra pé òun kọ́ lòun rin ọ̀pá náà, pé bí òun ṣe rà á nìyẹn. Mo wò ó títí, mi ò lè mọ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó lè jẹ́ pé òun náà ò wọn ọ̀pá kó tó gbé ọkọ̀.

A wọ tro-tro, ìyẹn bọ́ọ̀sì èrò, padà sílé. Àbúrò mi fi ọwọ́ méjèèjì di àpò rẹ̀ mú lórí ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọkùnrin yẹn gbà láti ta ẹlẹ́rẹ̀ fún un, lẹ́yìn tí fítà kan, ìyẹn mẹkáníìkì, tó mọṣẹ́ ti tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ wò. Iṣu ló fi ń kó báyìí.

Ìròyìn náà tàn kálẹ̀, ẹ sì mọ ẹni tó tàn án. Lánàá ni Àfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa wá bá mi. Ó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù tí yóò máa fi kó àwọn ọmọ náà, ó ní àfi kí n bá òun wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n sọ èyí tó kù nìyẹn.

Táyà ni mo lẹ̀ jẹun láyé mi. Mi ò mọ nǹkan kan nínú ẹ́ńjìnnì. Ti kẹ́ńkè yẹn, ata ni mo rí lára ṣẹ́ẹ̀tì dẹ́rẹ́bà náà. Ìyàwó kejì, mo parọ́ mọ́ ọn ni. Ọ́ìlì tí mo tọ́ wò ní Ashaiman, òótọ́ ni, ọjọ́ méjì ni gbogbo oúnjẹ fi ń rùn bí ọ́ìlì lẹ́nu mi. Mi ò mọ̀ bóyá àná ni wọ́n dà á sínú rẹ̀. Mo kàn sọ ọ́ kí ojú má bàa tì mí ni. Iyanrìn tútù àti bọ́nẹ́ẹ̀tì gbígbóná, èmi ni mo rí wọn.

Ṣùgbọ́n èékánná yẹn kì í ṣe tèmi. Mo ti mi orí pé ó dára, mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ pé ká rà á, nígbà tí àbúrò mi gba geeji lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Láti ọjọ́ tó ti dé Odawna, kò ra ọ̀pá yáàdì kan rí láì fi èékánná tọ̀ ọ́, torí àwọn tó ń tún àmì ọ̀pá gé kí yáàdì lè kúrú wà lọ́jà. Òun ló sọ ọ̀rọ̀ aṣọ àti ọ̀pá. Òun ló ní kí wọ́n yọ geeji ẹlẹ́rẹ̀. Èmi di èkísà mú.

Àfáà, òun ni kí ẹ mú lọ. Tó bá di ti táyà, ẹ pè mí.