Wá Gbé E

Yàrá tí a ti máa ń wọ mayó, aṣọ ìgbábọ́ọ̀lù wa, lẹ́yìn pápá Savalou máa ń rùn fún òrí yíyọ́ àti òógùn àná. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, a ó fi òrí náà ra itan àti orúnkún títí wọn á fi máa dán, a ó sì máa fi èdè Mahi bú ara wa. Ọmọ Bantè ni mí, Ìṣà, èdè ìlú wa, ni wọ́n fi tọ́ mi, ṣùgbọ́n bí mo ṣe pẹ́ tó nínú ẹgbẹ́ Savalou, Mahi ni mo fi ń pariwo lórí pápá. Ìgbà ìjọba àwọn sójà ni, gbogbo wa ń pe ara wa ní kàmáráàdì, títí kan àwọn tí a kò lè bá jẹun pọ̀.

Nọ́ńbà méjì ni mò ń wọ̀, ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, kó yáa gba ẹ̀yìn ìlú. Òkìkí mi kan Kútọnu débi pé ẹgbẹ́ ńlá kan níbẹ̀ rán ọkùnrin kan wá wò mí. Bí mo bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, màá bá a lọ, bọ́ọ̀lù á sì di iṣẹ́ mi. Àfi bó ṣe jẹ́ pé Bantè la fẹ́ bá gbá lọ́jọ́ náà, nílé wọn. Ìyá mi, tí kò wo bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀, gbé àpótí wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

Ó ku díẹ̀ kí eré parí, ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ gọ́ọ̀lù. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn, ó fò kọjá lórí mi, ó ń yí lọ sọ́dọ̀ aṣọ́lé wa. Ọmọ Bantè kan ń sáré bọ̀ lẹ́yìn mi. Ẹ̀rù bà mí, mo fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún aṣọ́lé, mo sì pariwo fún un pé, "Wá gbé e!"

Ìṣà ni mo fi sọ ọ́. N kò mọ ibi tó gbà jáde lẹ́nu mi. Bóyá torí pé orí pápá yẹn ni mo ti ṣeré lọ́mọdé. Aṣọ́lé wa, ọmọ Mahi pọ́ńbélé, kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó dúró, ó ń wò mí. Ọmọ Bantè gbọ́ ọ yékéyéké. Ó wá gbé e lóòótọ́, ó sì gbá a sáwọ̀n. Ẹni tí mo pè kò jẹ́, ẹni tí n kò pè ló dáhùn.

Ẹyin lohùn, tèmi ti balẹ̀, ó ti fọ́. Nígbà tí eré parí, olùkọ́ bọ́ọ̀lù wa, tíṣà kan tí kì í sábà bínú, fi Faransé sọ fún mi pé mo ti tà wọ́n. Kí n tó ṣàlàyé, àwọn ará Bantè ti gbé mi sí èjìká, tèmi ti mayó Savalou lọ́rùn, wọ́n ń kígbe pé, "Ọmọ wa kò gbàgbé ilé!" Ojú tì mí, bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọlé. Láti orí èjìká wọn ni mo ti rí ọkùnrin Kútọnu tó ń wọ mọ́tò rẹ̀. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi pa adìyẹ.

"O káre, ọmọ mi," ló wí. "Wọ́n ń sọ pé o ti di ará Savalou. O ti dá wọn lóhùn."

Mo ní, "Ìyá, n kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o. Aṣọ́lé wa ni mò ń pè. Mo ṣì í sọ ni."

Ó yọjú wo ìta bóyá ẹnìkan ń gbọ́ wa, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìyẹn lẹ́nu rẹ."

N kò gbá bọ́ọ̀lù fún Savalou mọ́. Mo gbá a díẹ̀ ní Agoua, abúlé kan nítòsí Bantè, lórí pápá tí ewúrẹ́ ń jẹ̀, títí orúnkún fi ní ó tó. Ní Bantè, àwọn àgbà ṣì ń fi ọjọ́ yẹn kí mi, èmi náà a sì rẹ́rìn-ín, ojú a máa tì mí. Ìyá mi fẹ́ràn mi, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ tí ìlú rò pé mo jẹ́ wù ú ju agbábọ́ọ̀lù tí mo jẹ́ lọ.