Ẹrù Ìyàwó Kì í Fi Ẹ̀yìn Rìn

Ní ìlú Ichinomiya, bí o bá fẹ́ bá Tatematsu Yasuji jà, sọ fún un pé o fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ahunṣọ ni. Bí ẹ̀rọ ìhunṣọ bà jẹ́, òun ni yóò tún un ṣe; bí òrùlé ń jò, òun ni yóò gun àkàbà. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ se oúnjẹ fún ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, Mitsuyo, títí ọmọ náà fi tó ilé ọkọ lọ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Agídí rẹ̀ ló pọ̀, àṣejù sì ni baba àṣetẹ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún tí Mitsuyo máa relé ọkọ, mọ́tò bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Mọ́tò tó ń yí gíá fúnra rẹ̀ ni. Bí Yasuji bá tẹsẹ̀ mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì á ké tantan, ọkọ̀ á sì dúró díẹ̀ kó tó lọ. Iwata mẹkáníìkì yẹ ọ́ìlì gíá wò, ó ti dúdú, ó ń rùn bí ohun tó jóná. Ó ní gíábọ́ọ̀sì náà ò ní pẹ́ kú, kí wọ́n má fi ọkọ̀ náà kó ẹrù mọ́. Mitsuyo jókòó níwájú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ní agbègbè wọn, ọkọ̀ tó bá gbé ẹrù ìyàwó kì í fi ẹ̀yìn rìn. Bó bá pàdé ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà tóóró, ti ẹlòmíràn ni yóò padà, wọn á sì fún onítọ̀hún ní owó ọpẹ́ nínú àpòòwé. Wọ́n gbà pé ìyàwó tí ẹrù rẹ̀ bá fi ẹ̀yìn rìn, ilé bàbá rẹ̀ ni yóò padà sí. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kíkó ẹrù ìyàwó lọ, okùn pupa àti funfun ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Mitsuyo bẹ bàbá rẹ̀ pé kó pè wọ́n.

“Bàbá mi, ẹ rántí ohun tí Iwata sọ.”

“Kí ni Iwata mọ̀? Ọwọ́ tó tọ́ ẹ ló máa gbé ẹrù ẹ délé ọkọ. Mi ò ní fi tìẹ lé àjèjì lọ́wọ́.”

Ta ni yóò bá a jiyàn?

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n kó kọ́bọ́ọ̀dù, dígí àti àpótí aṣọ kìmónò sínú ọkọ̀ Yasuji, wọ́n gbọ̀nà Inazawa, ìlú ọkọ Mitsuyo. Wọ́n ti ń wo ẹnu ọ̀nà ilé àwọn Hibino, ìdílé ọkọ, lọ́ọ̀ọ́kán, tí àwọn obìnrin àdúgbò tò síta láti wò wọ́n, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ké tí ọkọ̀ kò sì lọ mọ́. Yasuji ti gíá síwá, ó ti í sẹ́yìn. Gíá ìfẹ̀yìnrìn nìkan ló ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ náà ta sẹ́yìn bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta kó tó rí bíréèkì tẹ̀. Gbogbo wọn ló rí i. Obìnrin kan fọwọ́ bo ẹnu.

Hibino, bàbá ọkọ ìyàwó, bọ́ kóòtù rẹ̀, ó pe àwọn aládùúgbò, wọ́n sì ti ọkọ̀ náà délé. Ẹni tí kì í jẹ́ kí ènìyàn bá òun di àkàbà mú jókòó sídìí ọkọ̀, àwọn àna rẹ̀ ń làágùn lẹ́yìn rẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín, àmọ́ ikú kò sí nítòsí.

Wọ́n jókòó ti tíì. Ìyá àgbà ilé náà, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òfin níbẹ̀, kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun kan. Bí ọkọ̀ náà bá ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, ẹ̀bi awakọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Bó bá jẹ́ pé òjijì ni, a jẹ́ pé orí ìyàwó ló kọ ilé yìí.

“Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, Màmá,” ni Mitsuyo wí. “Òní ló bẹ̀rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ nílé ọkọ nìyẹn, irọ́ sì ni, ó fi bo bàbá rẹ̀ láṣìírí. Ìyá àgbà mú ojú kúrò lára rẹ̀. Yasuji rí i bí ojú náà ṣe kúrò. Bó bá dákẹ́, ọmọ rẹ̀ di olórí burúkú. Bó bá sọ òótọ́, ọmọ rẹ̀ di òpùrọ́. Ìtìjú náà gbóná dé etí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ẹní.

“Láti oṣù kẹrin ni mo ti mọ̀, Màmá. Mẹkáníìkì kìlọ̀ fún mi. Èmi náà ni mo ní kó purọ́ fún yín. Ó lóun ò ṣe, mo fipá mú un.”

Mitsuyo yíjú sí i. Kò sí ìgbà kankan tí bàbá rẹ̀ sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún un.

“Ẹ fi irú ọkọ̀ yẹn gbé ọmọ yín,” ni ìyá àgbà wí, “ẹ tún kọ́ ọ nírọ́. Ojú ò tiẹ̀ tì yín?”

“Ó tì mí, Màmá.”

Ìyá àgbà yọ tìmùtìmù kan sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ó ní kí Mitsuyo wá jókòó síbẹ̀.