Ọṣẹ Kọ́ Ló Pa Wọ́n

Ẹ má bi mí bóyá mo fẹ́ràn ọ̀gá yẹn. N kò fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì ní fi pa mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ. Ọdún kejìdínlógún rẹ̀ rèé tó ti ń fọ àwo dígí ní yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì tí ọ̀gá náà ń darí. Èmi náà ń bá a fọ̀ ọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Òun ò ka ìkankan, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là ju tèmi lọ.

Inú àwo wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹran ọkàn eku, ó kéré débi pé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá nìkan ló lè fi í hàn. Ó ń lù kì, kì, kì. Ohun tí ọ̀gá ń wá ni bí ọkàn kò ṣe ní kú bí afẹ́fẹ́ bá tán fún un. Ó ní béèyàn bá kọ́kọ́ fi afẹ́fẹ́ dù ú fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tó dá a padà, tó tún gbà á, ara rẹ̀ á mọ́ ọn. Bí ìyàn afẹ́fẹ́ ńlá bá wá dé, kò ní tètè kú. Ọ̀rọ̀ náà dára. Ẹnu tó ń sọ ọ́ ni kò dára.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀gá já wọlé pẹ̀lú lẹ́tà ìlélẹ́nu-iṣẹ́ lọ́wọ́. Gbogbo ẹran ọkàn inú àwọn àwo tó fi afẹ́fẹ́ dù ló ti kú.

"Ìwọ obìnrin yìí, ọṣẹ tí o ò ṣàn dáadáa ló pa wọ́n. Kó ẹrù rẹ!"

Ẹni tó lè bí i ló ń pè ní ìwọ o.

Ẹ̀gbọ́n mi nu ọwọ́. "Ọ̀gá, ọṣẹ kan náà, omi kan náà ni mo fi fọ àwo àwọn tí ẹ ò fi afẹ́fẹ́ dù rárá, lọ́jọ́ kan náà. Ṣé ẹ ti wò wọ́n?"

Kò wò wọ́n. Ìbínú ò jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan fojú sí awò.

"Wọ́n ń lù, sà. Gbogbo wọn."

"Háà! Ọṣẹ mi wá ń ṣa ẹni tó máa pa!" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wò mí bíi kí n gbẹ.

Àpótí tí wọ́n fi ń gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ẹran ọkàn náà máa ń tẹ iye àkókò tó fi gbà á jáde sórí ìwé fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi nàka sí i. "Kí wọ́n ka ìyẹn sókè. Mo ń nulẹ̀ láàárọ̀ àná nígbà tí ẹ gbé fóònù jáde, ẹ ò padà títí a fi jẹun ọ̀sán."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kà á: wákàtí mẹ́ta, dípò ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọ̀gá fa lẹ́tà ya. "Padà sídìí iṣẹ́ rẹ."

"Rárá o. Ẹ ti pariwo fún gbogbo ilé pé ọṣẹ mi ni. Ẹ kọ ọ́ pé kì í ṣe ọṣẹ."

"Ta ni ẹ́?"

"Èmi tí mò ń fọ̀ ọ́ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, kò fọ nǹkan kan mọ́. Èmi náà bọ́ ìbọ̀wọ́ mi. Kò sí àwo mímọ́ kan ṣoṣo nílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káwọ́ gbera. Nígbà tó pẹ́, ọ̀gá kọ ọ́, ó tẹ bírò mọ́lẹ̀ débi pé ó lu ìwé náà. Kò tọrọ àforíjì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kà á, mo kà á. Ó ní kí n tún un kà, kí ọ̀gá lè gbọ́ ọ dáadáa.

Lẹ́yìn náà ló ṣí omi ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo. Títí dòní, òun àti ọ̀gá kì í kí ara wọn.