Ẹ̀rí Fítà Lórí Mọ́tò Kòdéfìlà

Òórùn epo pupa tó ti gbó ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe epo tó ń hó lórí iná ní ẹ̀yìnkùlé ìyá mi, èyí tó máa ń mú itọ́ wá sí wa lẹ́nu. Epo tó ti wà lára irin fún ọdún mẹ́ta ni, tí eruku àti ìyẹ́ adìẹ ti lẹ̀ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Mo dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ lábẹ́ mọ́tò òyìnbó kan ní ilé iṣẹ́ ìlagi tó wà lójú ọ̀nà Ìkọ̀yà, sípánà wà lọ́wọ́ mi, bàbá mi sì fara ti òpó, ó ń sọ fún mi pé kí n má kánjú.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ̀ pé fítà là ń pe mẹkáníìkì nígbà yẹn. Fítà náà ni gbogbo Òkìtìpupa ń pe bàbá mi. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, gẹdú kan yí látorí lọ́rì, ó sì gbá a lẹ́yìn. Láti ìgbà náà, ó lè tẹ̀ wo inú ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kò lè dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò mọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì sì ti fẹ̀ jù, iyán ìyá mi kò ṣe ojúsàájú. Èmi tí mo rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Bàbá wá ń mú lọ. Mo di ojú rẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. Ìyá mi kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà rárá. Ó ní ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tó ń rùn bíi lọ́rì.

Àléébù mi kan ni pé ara mi kò gba ìjókòó. Ìyá mi a máa ní ìdí mi kò mọ àga. Bí a bá kúnlẹ̀ nínú ìjọ Àládùúrà tí à ń lọ, tí wòlíì ń gbàdúrà, èmi a ti máa ka ìka ẹsẹ̀ àwọn tó kúnlẹ̀ níwájú mi. Oúnjẹ kì í jinná fún mi, ọ̀nà oko kì í tán, ẹ̀kọ́ ìṣirò kì í parí. Bàbá a wò mí, a sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà: “Ẹni tó bá fara balẹ̀ tú èèrà, yóò rí ìfun inú rẹ̀.” Mo máa ń ronú pé kí ni ènìyàn fẹ́ fi ìfun èèrà ṣe.

Mọ́tò tí mo ń sọ yìí, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìlagi náà ló ni ín. Ènìyàn méjì péré ló ń gbà, ó rẹlẹ̀ débi pé ajá lè fò ó kọjá, kò sì ní òrùlé àfi aṣọ kan tí wọ́n ń ká sẹ́yìn. Torí náà la ṣe ń pè é ní Kòdéfìlà. Bí òyìnbó náà bá ń fi í sáré bọ̀, àwa ọmọ iléèwé a já sójú ọ̀nà, a máa hó. Ọdún mẹ́rin ni bàbá mi fi tún un ṣe fún un, kò sì sí mọ́tò tó fẹ́ràn tó o. Nígbà tí ogun abẹ́lé sún mọ́ ọ̀dọ̀ wa, òyìnbó sá lọ, kò sì padà. Wọ́n ti Kòdéfìlà sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n sì ní kí ọlọ́dẹ ibẹ̀ máa tọ́jú rẹ̀.

Àgbẹ̀ ni ọlọ́dẹ náà, ọmọ Ìkọ̀yà. Ohun tí gbogbo àgbẹ̀ wa ń ṣe fún àdá nígbà òjò ló ṣe fún mọ́tò: ó ń fi epo pupa pa á lára. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń pa á, lókè àti nísàlẹ̀, fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ẹnikẹ́ni kò tún ohunkóhun ṣe lára rẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Nígbà tí ogun parí, ilé iṣẹ́ náà ní àwọn yóò lù ú ní gbàǹjo.

Àṣà kan wà ní ìlú wa nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó ń dá owó lé mọ́tò gbàǹjo láìgbọ́ ẹ̀rí fítà. Fítà yóò ti wo mọ́tò náà tẹ́lẹ̀. Bí àwọn ènìyàn bá pé, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò sì sọ ohun tó rí létí gbogbo wọn. Bàbá mi ni wọ́n ń pè jù, nítorí kò tíì gbé ọwọ́ lé mọ́tò kan rí kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má ṣẹ. Òun fúnra rẹ̀ a máa ní orúkọ rere sàn ju ọrọ̀ púpọ̀ lọ, ìyá mi a sì dáhùn pé díẹ̀ nínú ọrọ̀ náà kò ní burú.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú gbàǹjo ni Bàbá yẹ ẹ́ńjìnnì wò. Ó gbá a, ó dáhùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin bọ̀ wálé. Ó wá ku ìsàlẹ̀, ìyẹn ni iṣẹ́ tèmi ní àárọ̀ ọjọ́ gbàǹjo gan-an. Ó ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. N óò máa fi sípánà kan irin náà láti iwájú títí dé ẹ̀yìn, níwọ̀n ìka mẹ́rin sí ìka mẹ́rin. Irin tó sàn á dún gàn-án. Irin tí ìpẹtà ti jẹ á dún pò, bí ẹni gbá pákó tó ti rà.

Mo wọ abẹ́ rẹ̀ látiwájú. Mo kàn án, ó dún gàn-án. Mo sún díẹ̀, mo tún kàn án, gàn-án ni. Níbi tí àga jókòó lé, mo rí i pé ó pupa. Mo na ọwọ́, mo fi ìka nù ún, epo ló wà ní ìka mi. Mo ní epo ni. Kò wá sí mi lọ́kàn pé pupa ìpẹtà lè wà lábẹ́ pupa epo. Ibẹ̀ ni ìjàlọ tí epo náà fà wá ti já lé mi lọ́rùn. Ooru mú mi, mo ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn tó ti ń dé, àga aláwọ nì sì wà lókè orí mi tí n kò tíì jókòó sí. Mo fi sípánà gbá apá iwájú náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i kí Bàbá lè gbọ́, mo sì jáde. Kí ó tó bi mí ní nǹkan kan, mo ti wà lórí àga, mo ti di ìtọ́kọ̀ mú.

Nígbà tí oòrùn gòkè, èrò ti kún. Àwọn lébìrà tó ń lagi wá, àwọn àgbẹ̀ wá láti Igbódìgò, àwọn oníṣòwò wá láti Òde-Ìrèlè. Ẹni tó dìde láti rà á kò sì jẹ́ ẹni tí a rò. Ìyá Elépo ni, obìnrin tó ń ta epo ní àgbá àgbá, tí à ń jọ lọ ìjọ kan náà. Akíntádé ọmọ rẹ̀ ló ń wakọ̀ fún un. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ibo ni àgbá epo yóò jókòó sí. Ó ní òun ló ń jókòó, kì í ṣe epo.

Ó wá kọjú sí bàbá mi. “Fítà, ẹ̀rí rẹ ni mo fẹ́ gbọ́ o. Ọmọ mi ló máa wà á.”

Bàbá kò gbé ọwọ́ lé mọ́tò náà lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó yíjú sí mi lójú gbogbo ènìyàn. “Ẹ̀bùn, ọma mi, ṣé o kàn án dé ẹ̀yìn?”

“Mo kàn án dé ẹ̀yìn, Bàbá.”

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n parí, kí wọ́n gbá ẹ́ńjìnnì, kí n gbọ́ ọ. Bàbá wò mí láti èjìká dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní irin rẹ̀ kò jẹ, kí wọ́n rà á.

Ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀. Akíntádé nìkan ló wà nínú mọ́tò náà, ó ń bọ̀ láti Òde-Ìrèlè, bó ṣe kó sí kòtò kan báyìí, irin tó wà lábẹ́ àga rẹ̀ já. Òun àti àga wọlẹ̀. Mọ́tò wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì lórí ọ̀dà kó tó dúró. Ó pẹ́ ní ọsibítù, ẹsẹ̀ náà san, ṣùgbọ́n títí ayé rẹ̀ ló fi ń tiro.

Bàbá mú mi dání lọ sí ilé Ìyá Elépo. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Obìnrin náà kò pariwo. Ó kàn béèrè pé ta ló wo abẹ́ mọ́tò náà. Mo wà níbẹ̀, n kò jìnnà sí i ju bí ọwọ́ ṣe gùn lọ.

“Èmi ni mo wò ó,” ni bàbá mi wí láti ilẹ̀.

Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. N kò sọ ọ́. Ìtìjú mú mi, ẹ̀rù sì bà mí, mo sì ń wo ẹnu ọ̀nà.

Wọn kò pè é sí gbàǹjo kankan mọ́. Àwọn oníbàárà dín kù. Bàbá kò nà mí, kò bá mi wí, ṣùgbọ́n kò mú mi lọ síbi iṣẹ́ mọ́ láéláé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wọ abẹ́ mọ́tò. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, a máa ń gbọ́ bó ṣe ń kérora, ìyá mi a sì máa wò mí pé kí ló dé tí n kò bá a lọ.

Ó lé ní ogún ọdún kí n tó lè sọ ọ́. Mo ti di nọ́ọ̀sì, mo wá kí i nílé, mo ń fi òróró pa á lẹ́yìn. Mo ní, “Bàbá, mi ò kàn án dé ẹ̀yìn.”

“Mo mọ̀,” ló dáhùn. “Epo ń kán lábẹ́ mọ́tò yẹn. Ẹni tó bá dé ẹ̀yìn, aṣọ rẹ̀ ò ní mọ́. Èjìká rẹ nìkan ló pupa.”

Mo bi í pé kí ló dé tó fi wá jẹ́rìí sí i. “Mo fẹ́ràn mọ́tò náà,” ló wí. “Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni o sọ fún mi.”

Mo ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún báyìí. Fún ìgbà pípẹ́ ni mo fi ń dá ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn lẹ́jọ́, pé ara rẹ̀ ni kò balẹ̀. Ara èmi ti wá balẹ̀ gan-an, ó balẹ̀ jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin pè mí lórí fóònù láti Èkó. Mo bi í bóyá àlàáfíà wà láàárín òun àti ọkọ rẹ̀. Kí n tó pa ẹnu dé ló ti ní, “Àlàáfíà ni, Màmá.” Mo ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó.

Láàárọ̀ òní, mo dìde. Mo ti ránṣẹ́ sí awakọ̀ pé kó wá gbé mi lọ sí Èkó. N kò sọ fún ọmọ mi pé mò ń bọ̀; ojú ara mi ni mo fẹ́ fi rí i.