Pílásítà tí mo fà tu nítorí àlùwàlá

Ẹ gbà mí o, Iléyá dé tán, mi ò lè di àlùmọ́gàjí mú!

Télọ̀ ni mí, aṣọ Iléyá sì ti ga lórí tábìlì mi. Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ló ń ro mí. Bẹ́líìtì awọ tí aránbàtà ṣe fún mi ni mo ń dè mọ́ ọn. Ó ń ṣèrànwọ́ díẹ̀, àmọ́ ó máa ń yọ̀ tí mo bá ń gé aṣọ.

Láàárọ̀ yìí, dìsípẹ́ńsà tó ń pín oògùn lọ́sibítù lẹ pílásítà olóògùn mọ́ ọn.

"Àìsàn àwọn tó ń gbá tẹníìsì ni. Má ṣí i, má jẹ́ kómi kàn án."

Èmi, tẹníìsì kẹ̀? Ṣùgbọ́n mo gé odidi agbádá láìsọ pé yéè!

Ni wọ́n bá pèrun Àílà. Mo gbé búta láti ṣe àlùwàlá, mo rántí pé omi gbọ́dọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Mo fa pílásítà tu. Ó bó awọ ara mi lọ.

Lẹ́yìn ìrun, Àáfà tó kírun fún wa rí ẹ̀jẹ̀ lápá mi, mo sì sọ ohun tí mo ṣe fún un.

"Télọ̀, kí ló dé tó ò bi mí? Ọwọ́ tútù lò bá fi pa pílásítà náà lórí, àlùwàlá rẹ ti pé."

Hàà! Egbò yìí ò gba pílásítà, kò gba bẹ́líìtì. Àwọn oníbàárà mi tó wọkọ̀ ojú irin ti Kano dé ti ń kànlẹ̀kùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n dè mọ́ ọn báyìí?