Ọjọ́ tí Ìfura Bá Wa Wọ Mọ́tò Lọ sí Ẹ̀fọ̀n

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìpòtì-Èkìtì, ẹni méjì péré ni mo máa ń bẹ̀rù: Bàámi, nítorí pàṣán rẹ̀, àti Ọlọ́run, nítorí pé Bàámi sọ pé Ọlọ́run máa ń fi ẹjọ́ mi sun òun. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á mọ irú pàṣán tí mò ń wí. Orí àjà ló máa ń wà, ẹni tó bá ṣẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń rán pé kó lọ mú un wá.

Ajá kan wà nílé wa. Màámi ló sọ ọ́ ní Ìfuraloògùn, nítorí aládùúgbò wa kan tó máa ń wá ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wa wò. Bí Màámi bá ti rí obìnrin náà lókèèrè, á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ajá lóhùn rara. Ajá á sáré dé, aládùúgbò á ṣẹ́rí padà. Èmi àti Káyọ̀dé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, gé orúkọ náà kúrú sí Ìfura. Ajá pupa ni, àyà rẹ̀ funfun, kò sì mọ iṣẹ́ kan ṣe ju pé kó tẹ̀ lé mi lọ sódò, kó wẹ̀ tán, kó wá gbọn omi ara rẹ̀ sí mi lára.

Tíṣà ni Bàámi. Ọdún tí wọ́n gbé e lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, a di ẹrù, ẹrù bá lọ́rì lọ ṣáájú, ó wá ku àwa àti ajá. Bàámi ní kí a fi ajá sílẹ̀ fún Ìyá àgbà, ìyá tó bí i. Ìyá àgbà ní ẹsẹ̀ òun kò lè lé ajá kiri mọ́. Ní agbègbè wa, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, ajá tí kò ní olówó kì í pẹ́ láyé. Ọ̀pọ̀ bàbá ló fẹ́ràn ajá, ṣùgbọ́n inú ọbẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀. Mo sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì rí i dájú pé ẹ̀gbẹ́ Bàámi ni mo ti ń sun ún.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó lọ bá Àlàájì sọ̀rọ̀. Ọmọ Ìkirun ni Àlàájì, ó ti pẹ́ tó ti ń fi Píjó rẹ̀ kó èrò ní Ìpòtì. Àlàájì fetí sílẹ̀ dáadáa kó tó dáhùn.

“Tíṣà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ajá ò gbọdọ̀ fi imú kàn mí, torí àlùwàlá mi. Bó bá sì ba inú mọ́tò mi jẹ́, ibi tó bá ti bà á jẹ́ ló ti máa sọ̀.”

Bàámi tún lọ bá dókítà ẹran kan ní Ìjerò, ó sì kọ gbogbo ohun tí dókítà wí sínú ìwé bí ẹni ń kọ nóòtì kíláàsì. Kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí mọ́tò mọ́ ajá lára. Kí a tẹ́ aṣọ àtijọ́ tó ń rùn bí ilé sábẹ́ rẹ̀. Kí a fi okùn kúkúrú so ó mọ́lẹ̀, kó má baà fò síwájú bí dẹ́rébà bá tẹ búrékì. Kí fèrèsé ṣí díẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kí orí rẹ̀ má yọ síta. Kí a má tì í mọ́ inú mọ́tò nínú oòrùn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: kó má jẹ ohunkóhun láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, omi díẹ̀ nìkan. Bàámi ka èyí tó kẹ́yìn yìí sí wa létí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wo òkè àjà.

Mọ́tò kan tó ti kú wà lẹ́yìnkùlé wa, adìyẹ ló ń yé sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti kọ́ Ìfura. Káyọ̀dé ni dẹ́rébà, ó ń fi ẹnu fun fèrè. Èmi ni kọndọ́, mò ń pe èrò Ìjerò, Àràmọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Ìfura gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, òun ló ń ṣáájú wa wọlé, kò sì fẹ́ sọ̀ mọ́. Ẹyin adìyẹ ń dín kù lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò bi kọndọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, Ìyá àgbà pa adìyẹ kan, ó sì gún iyán. Ìyá àgbà kò gbà pé ènìyàn jẹun bí kò bá jẹ iyán. “Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Ní ilé wa, bí a bá pa adìyẹ, olúkúlùkù mọ ìpín rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ti Káyọ̀dé, orí apá ni tèmi, ọrùn ni Màámi máa ń mú, iwe sì ni ti baálé. Ọmọdé kì í fojú wo iwe lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wa ń jẹun, Ìfura jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ka òkèlè mọ́ wa lẹ́nu. Mo rí Ìyá àgbà tó sọ òkèlè ńlá kan sílẹ̀ fún un.

“Ajá kan ò ní fi ebi kúrò ní ulé mi,” ló wí fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ẹ sọ fún mi, ta ni èmi láti ta ko ìyá arúgbó? Nígbà tí Bàámi wọ yàrá lọ wọṣọ, mo ju orí apá mi sí Ìfura pẹ̀lú òkèlè méjì. Ajá kì í jẹ ẹran, gbígbé ló máa ń gbé e mì. Kó tó di pé Bàámi jáde, Ìfura ti ń wò mí bí ẹni tí kò rí nǹkan gbà.

Bàámi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlàájì. Èmi, Màámi àti Káyọ̀dé wà lẹ́yìn, Ìfura sì wà lórí aṣọ àtijọ́ lẹ́sẹ̀ mi. A kọjá Ìjerò, kò gbó. Ní Àràmọ̀kọ, Àlàájì dúró láti kírun. Mo mú Ìfura sọ̀ lọ sábẹ́ igi gẹ́gẹ́ bí dókítà ti wí. Bàbá kan tó ń mu ẹmu nítòsí wò ó láti orí dé ìrù.

“Ajá yìí sanra o. Ṣé ẹ ń tà á ni?”

Mo ní a ò tà á. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára itan rẹ̀. Mo yára gbé Ìfura padà sínú mọ́tò, nítorí mo ti mọ ẹni tí yóò gbé e bí Àlàájì bá já a sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n rí mọ̀ pé òkè ni, kọ́nà sì ni. Ní kọ́nà kejì, Ìfura bẹ̀rẹ̀ sí í lá ètè. Ní ìkẹta, ó ń yán, itọ́ ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Èébì ń gbé e. Bí mo bá ní kí Àlàájì dúró, Bàámi á bi mí pé kí ló dé, iyán á sì tú jáde lẹ́nu mi. Bí mo bá dákẹ́, Ìfura ni yóò sọ̀. Mo wo Màámi, Màámi ń wo igbó. Mo wo Káyọ̀dé, ó ti dijú bí ẹni ń sùn. Bàámi ti ṣí fìlà rẹ̀ nítorí ooru, fìlà aṣọ òkè tuntun tó fẹ́ fi wọ ìlú, ó gbé e sí àárín òun àti Àlàájì. Ìfura hu gùù. Ọwọ́ mi fò lọ síwájú, mo fa fìlà náà wá, mo sì gbé e sí i lẹ́nu.

Gbogbo rẹ̀ ló wọ inú fìlà. Àlàájì dúró, ó sọ̀, ó wo ilẹ̀ mọ́tò, ó wo ìjókòó.

“Tíṣà, mọ́tò mi mọ́. Fìlà yín ni ò mọ́, èmi ò sì bá fìlà ṣe àdéhùn.”

Ara mi balẹ̀ lórí ọ̀ràn ajá, ó ku ti ẹ̀yìn mi. Bàámi fi ìka méjì gbé fìlà náà lọ sétí igbó, ó da inú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì béèrè ẹni tó fún ajá lóúnjẹ. Àlàájì já igi kan, ó ń fi tú u. Iyán. Iyán. Orí apá kan, mo wolẹ̀. Ẹsẹ̀ adìyẹ, Káyọ̀dé jí lójijì. Ọrùn adìyẹ, Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bàámi ń mi orí, ó ti ń ka iye pàṣán tó kan olúkúlùkù wa sọ́kàn, nígbà tí igi Àlàájì yí nǹkan kan síwájú, odindi, tí eyín kò tilẹ̀ kàn. Iwe ni.

Gbogbo wa wò ó. A kò wo ojú Bàámi, a ò jẹ́ dán an wò. Àlàájì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì rín in títí ó fi fara ti bónẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ wọ mọ́tò,” ni Bàámi wí. Orí ṣíṣí ló fi wọ Ẹ̀fọ̀n, a kò sì gbọ́ nǹkan kan nípa pàṣán lọ́jọ́ náà. Ìfura gbó ní Ẹ̀fọ̀n títí ọjọ́ ogbó fi gbà á lọ́wọ́ wa.

Nǹkan ti yí padà. Adó ni mo ń gbé báyìí, mo ní mọ́tò tèmi, ajá mi sì ní bẹ́líìtì tirẹ̀ tí a máa ń há mọ́ ìjókòó. Àwọn ọmọ mi kì í fún un lóúnjẹ kí a tó rìnrìnàjò, wọ́n ti kà á lórí fóònù. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì mọ ìpín rẹ̀ lára adìyẹ. Iwe wà lọ́jà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó bá wù ú ló ń jẹ ẹ́. Kò sí èébì nínú mọ́tò mi rí. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé kò sí ìtàn níbẹ̀ náà.

Bàámi ṣì wà ní Ẹ̀fọ̀n, ó ti darúgbó, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ti lè wí lọ. Ọdún Kérésì tó kọjá, àwa àti ajá lọ kí i, mo sì fi iwe sí abọ́ rẹ̀, nítorí ìpín rẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní eyín tó lè fi jẹ ẹ́ mọ́. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ mi pé a kì í fún ajá lóúnjẹ láàárọ̀ ìrìnàjò. Mo padà wọlé láti kó abọ́. Iwe kò sí níbẹ̀.

N kò bi í léèrè. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn fìlà rẹ̀ tó ti gbó lórí ìṣó, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ajá, mo sì rọra wa mọ́tò sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè.